Ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn lẹ́yìn jàǹbá: ṣé dandan ni kí gbogbo ènìyàn ròyìn ohun tójú wọn rí?

Alárinà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àwọn tí jàǹbá ńlá ṣẹlẹ̀ sí ni mo gbé wá: iná, omíyalé, ìkọlù, ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dìde, á ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sunkún, wọ́n á gbàdúrà, ó parí. Èrò wọn ni pé bọ́rọ̀ bá ti jáde nínú, ara á fúyẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ènìyàn mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀, fún wákàtí mélòó, kí sì ni wọn yóò máa ṣe? Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan ti ju agbára ẹgbẹ́ lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé tó ṣeé mú lò ni mo ń wá.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ:

Ẹ ṣeun, Alárinà. Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni rárá, ó sì ń dùn mí pé àṣìṣe yìí ṣì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwòsàn fúnra wọn ti ṣe irú rẹ̀ rí. Debriefing ni wọ́n ń pè é: ìjókòó kan ṣoṣo, kété lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, kí kálukú tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ jọ ní 2002, wọn ò rí i pé ó dènà PTSD, àìsàn ọkàn tí jàǹbá ńlá lè fà, tí ìrántí rẹ̀ á máa dà ẹni náà láàmú fún ìgbà pípẹ́. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìwádìí náà, àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló tún wá ní PTSD jù lọ nígbà tí ọdún yípo.

Ẹ wo ìdí ẹ̀. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ara ṣì wà lójú ogun. Àyà ń já, oorun ò wá, bí ilẹ̀kùn bá gbá báyìí, ẹni náà á ta gìrì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá; kì í ṣe pé orí rẹ̀ ti dàrú, ara rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fipá mú un ròyìn lásìkò yẹn, ẹ̀rù á tún ru sókè, ìjókòó á sì tú kí ẹ̀rù náà tó rọlẹ̀. Ó gbé e wá, ó tún gbé e lọ sílé. Ohun kejì tí àwọn olùdarí kì í rò tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni tó sá jáde láti ẹ̀yìnkùlé, tí kò rí òkú kankan, á gbọ́ nípa òkú lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tí ojú rẹ̀ kò rí lálàá.

Ohun tó yẹ láwọn ọjọ́ yẹn ni ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀ ní 2011, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sì dúró lé: wò, tẹ́tí, so pọ̀.

Wò: ta ló fara pa, ta ni kò ní ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ wo ni kò rí òbí rẹ̀, ta ló ń rìn kiri bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

Tẹ́tí: ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ má bi í pé “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Ẹ bi í pé “Kí lẹ nílò báyìí?” Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ má já lù ú, ẹ má sì máa tọ pinpin ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́.

So pọ̀: omi mímu, aṣọ gbígbẹ, ibi tí yóò sùn, fóònù tí yóò fi pe ẹbí rẹ̀, ìròyìn tó dájú nípa ẹni tó ń wá. Bẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tí ẹni náà wà, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Irọ́ ìtùnú tó bá já lọ́jọ́ kejì, tòun ti ìgbẹ́kẹ̀lé ni yóò já.

Ẹ má sọ pé “Àwọn kan tiẹ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ”, “Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà”, “Ẹ jẹ́ ọkùnrin”. Gbogbo ìwọ̀nyí, ohun kan ni wọ́n túmọ̀ sí létí ẹni tó ń gbọ́: pa ẹnu rẹ mọ́.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹ má ṣe há oògùn amúnisùn bíi diazepam fún wọn kí wọ́n lè “sinmi”. Ìtọ́sọ́nà WHO ti 2013 sọ gbangba pé kí wọ́n má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú ìpayà láàárín oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn jàǹbá. Ó máa ń di bárakú, kò sì dènà PTSD. Ọtí náà ńkọ́? Ọ̀kan náà ni.

Olùdarí_Agbo:

Mo gbè sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè kejì ni tèmi.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ilé, oúnjẹ àti ààbò tó fìdí múlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́ òní kò lè jókòó kó máa kọ́ bí a ṣe ń mí.

Ènìyàn 6 sí 10 ló dáa. Bí ẹ bá dín sí 5, lọ́jọ́ tí méjì ò bá wá, ó ti di pé gbogbo ojú ń wo ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ju 12 lọ, ẹnì kan á máa wá fún oṣù kan gbáko láì lanu, kò ní sẹ́ni tó fura. Ìṣẹ́jú 90 tó. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, yàrá kan náà, ẹ má yí i padà. Jàǹbá ti kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà. Ìpàdé tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin lóòótọ́, tó sì ń parí ní aago márùn-ún ààbọ̀ lóòótọ́, ń kọ́ ara wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn.

Olùdarí méjì ni kẹ́ ẹ yàn. Ọ̀kan ń darí ọ̀rọ̀, èkejì ń wo ojú àwọn tó jókòó. Bí ẹnì kan bá jáde, èkejì ni yóò tẹ̀ lé e, kí agbo má baà tú. Ẹ to àga ní òbìrípo, kí ẹnikẹ́ni má kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀kùn má sì wà ní títì. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ agbo, kí olùdarí bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan fún bí ìṣẹ́jú 20. Níbẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀, bóyá ẹni tó ń lù ú nílé ló tún fẹ́ bá a wá sínú agbo. Ẹni tí wọ́n ń lù àti ẹni tó ń lù ú kò gbọdọ̀ jókòó sínú agbo kan náà, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó.

Ìlànà tí ẹ ó máa kà síta ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan:

Ohun tí a gbọ́ níbí kò gbọdọ̀ jáde, àfi bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu tàbí tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ọmọdé. Ẹ sọ àfi yìí ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá ṣèlérí àṣírí pátápátá, tẹ́ ẹ wá lọ tú u nítorí ẹ̀mí, ẹ ò ní rí ẹni náà mọ́.

Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọ pé “Ó kọjá mi”, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ìdí.

Bí ó ṣe ń ṣe wá là ń sọ, a kì í ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀. “Mi ò lè wọ ọkọ̀ mọ́” dáa. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn kò sí fún inú agbo.

Ẹ má gbani nímọ̀ràn àyàfi tí ẹni náà bá béèrè.

Bí ìṣẹ́jú 90 náà ṣe ń lọ: nǹkan bíi 10 fún ìkíni, kí kálukú fi gbólóhùn kan sọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe rí, 10 fún mímí, 45 fún ìṣòro kan tàbí méjì, 15 kí kálukú sọ ohun kékeré tí yóò ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ìyókù fún ìdágbére. Kí ẹnikẹ́ni má tinú ọ̀rọ̀ tó wúwo bọ́ sí títì tààrà.

Ìṣẹ́jú 45 yẹn ni iṣẹ́ gan-an wà. WHO gbé ètò kan jáde ní 2016 tí wọ́n pè ní Problem Management Plus, ìjókòó márùn-ún tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè kọ́ kó sì ṣe. Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yíyanjú ìṣòro, pípadà sídìí àwọn ohun tí ènìyàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, àti fífún okùn àárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lágbára. Ẹ mú ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀. Ẹ kọ gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ pín in: èyí tó ṣeé ṣe nǹkan sí, èyí tí kò ṣeé ṣe nǹkan sí. Ẹ mú ọ̀kan tó kéré. Kí òun fúnra rẹ̀ dá àbá tó bá wá sọ́kàn rẹ̀, kódà èyí tó jọ pé kò bọ́gbọ́n mu, lẹ́yìn náà kó mú ọ̀kan. Kó wá sọ ọjọ́, aago, àti ẹni tí yóò bá a lọ: “Lọ́jọ́rú, aago mẹ́wàá, èmi àti àbúrò mi yóò dúró níbùdókọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ò ní wọ ọkọ̀.” Ìyẹn nìkan. “Màá gbìyànjú” kì í ṣe ètò.

Ohun tó sábà ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ ni òfófó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó bá jáde, agbo ti kú, àwọn ènìyàn á ṣì máa wá ṣùgbọ́n wọn ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Ohun kejì ni ìdíje ìyà, níbi tí ẹnì kan ti pàdánù ilé, tí èkejì á ní “Ilé lásán?” Olùdarí gbọ́dọ̀ dá a dúró lójú ẹsẹ̀: “Níbí, a kì í wọn ọgbẹ́ lórí òṣùwọ̀n.” Ẹ̀kẹta ni olùdarí tó ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láìsí dókítà. Ní Zimbabwe, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ ètò Friendship Bench ní 2006. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti kọ́ dáadáa ló ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń bá ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀ yanjú ìṣòro, nǹkan bí ìjókòó mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹni náà á wọ ẹgbẹ́. Ìwádìí tó jáde ní 2016 wo ènìyàn 573. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ́ àwọn ìyá náà, wọ́n sì ní àwọn ọ̀gá tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Inú rere nìkan kò tó.

Ìmọ̀_Ọkàn:

Kí wọ́n má baà ṣì yín gbọ́: kì í ṣe pé ríròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ burú. Àkókò, ibi àti ẹni tó ń gbọ́ ọ ni gbogbo ẹjọ́. Àwọn ìtọ́jú tó lágbára jù fún PTSD, bíi prolonged exposure àti EMDR (níbi tí aláìsàn ti ń rántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ojú rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ìka oníwòsàn), ń padà sídìí ìrántí náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnì kan pẹ̀lú oníwòsàn kan ni, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Prolonged exposure sábà máa ń gba ìjókòó 8 sí 15. Aláìsàn á ròyìn ohun kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, á sì dúró tì í títí ẹ̀rù á fi rọlẹ̀. Rírọlẹ̀ yẹn ni ìwòsàn. Agbo tó ní ìṣẹ́jú márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Á kàn ṣí ojú egbò, á fi í sílẹ̀.

Oògùn wà pẹ̀lú, bíi sertraline àti paroxetine. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò kọ ọ́.

Alárinà:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Méjì ló kù. Bí ẹnì kan nínú agbo bá ṣàdédé dákẹ́, tí ojú rẹ̀ ranjú bí ẹni pé kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́, kí la ó ṣe? Ẹni tó kọ̀ láti wá rárá ńkọ́?

Olùdarí_Agbo:

Ẹni tó dákẹ́ yẹn ti padà sí ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti mú un padà síbí.

Ẹ má pariwo, ẹ má dì í mú, ẹ má yí i ká. Olùdarí kejì ni kó sún mọ́ ọn láti iwájú, kó má gba ẹ̀yìn, kó dúró níwọ̀n bí apá kan, kó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́: “Ẹ gbọ́, èmi nìyí. Inú yàrá ìpàdé la wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti kọjá. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀ díẹ̀.” Lẹ́yìn náà, kó dárúkọ nǹkan 5 tó ń rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó ń gbọ́, 2 tó ń gbóòórùn, 1 tó lè tọ́ wò. Bí kò bá lè kà á dé òpin, àwọ̀ aṣọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ nìkan tó. Ife omi tútù lọ́wọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Kó la ojú sílẹ̀. Pípa ojú dé ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sẹ́yìn.

Mímí: ẹ máa gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé “Mí kanlẹ̀! Mí kanlẹ̀!” Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù ti ń mí jù tẹ́lẹ̀. Bó bá tún ń fa èémí ńlá léraléra, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, ojú á máa ṣú u, ọmọ ìka àti ètè á máa ta á, á sì rò pé òun fẹ́ kú. Jẹ́jẹ́ ni kó jẹ́, kì í ṣe ńlá. Kó mí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kó mí síta fún mẹ́ta, kó jẹ́ ikùn ló ń wú, kì í ṣe èjìká ló ń gòkè. Ẹ máa kà á pẹ̀lú rẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa fi ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ tí ara bá balẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ ṣáájú kò lè rántí rẹ̀ nínú ìpayà.

Ẹ má béèrè ohun tó rí. Kí ẹnì kan bá a dé ilé lọ́jọ́ náà, kó sì pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní ti ẹni tó kọ̀ láti wá, ẹ má fipá fà á. Yíyẹra fún ohunkóhun tó bá lè rán ni létí wà lára àìsàn náà. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ lọ bá a nílé, ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ dìde kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ yé sọ pé “Ẹ pè mí bẹ́ ẹ bá nílò nǹkan”. Kò ní pè. Ẹ sọ pé “Mò ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́rin, màá bá yín fọ aṣọ, ẹ ò ní láti bá mi sọ̀rọ̀.” Ẹ sì lọ. Ìwádìí púpọ̀ tí wọ́n pa pọ̀ ní 2000 fi hàn pé àìní alátìlẹ́yìn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ wà lára ohun tó lágbára jù lọ tí a fi ń mọ ẹni tí PTSD lè mú. Èrò máa ń pọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á tú ká lóṣù kejì. Oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ ka àwọn tó kù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà yóò pé ọdún kan sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí ara máa ń rántí rẹ̀ kí ọkàn tó rántí.

Nọ́ọ̀sì_Ọpọlọ:

Kí n wá sí ìbéèrè kẹta. Àìsùn, ẹkún àti àyà jíjá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. WHO fojú bù ú pé nínú 100 ènìyàn tó kojú irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, bí 6 péré (5.6%) ló ń ní PTSD. Àwọn ìyókù ń gbádùn, àwọn tó yí wọn ká sì wà lára ohun tó ń wò wọ́n sàn.

Tó bá ti lé ní oṣù kan, ẹ bi ẹni náà ní ohun márùn-ún nípa oṣù tó kọjá. Ṣé ó ń lá a lálàá, tàbí ìrònú rẹ̀ ń wọlé láìpè? Ṣé ó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti má ronú nípa rẹ̀, tàbí láti yẹra fún ibi tó lè rán an létí? Ṣé ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tí nǹkan kékeré ń mú un ta gìrì? Ṣé ọkàn rẹ̀ ti kú sí àwọn ènìyàn àti ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ń dá ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lẹ́bi láì lè ṣíwọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníwòsàn. Ẹ má fi pé “PTSD ló ń ṣe ọ́” lé e lórí. Àyẹ̀wò ló kù. Ọmọdé kò ní lè dáhùn báyìí. Tirẹ̀ á hàn nínú títọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti ṣíwọ́, nínú dídìrọ̀ mọ́ òbí, tàbí nínú eré kan ṣoṣo tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe ní àṣetúnṣe.

Àwọn kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró de oṣù kan fún: ẹni tí kò jẹun tí kò mu, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ẹni tó ń fi ọtí sùn lójoojúmọ́, àti ẹni tó sọ pé ayé ti sú òun.

Ti ẹni ìkẹyìn yìí, ẹ bi í tààrà: “Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín?” Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ara ló máa ń tù wọ́n pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá ó ti ronú ohun tí yóò lò, bóyá ohun náà wà nítòsí, bóyá ó ti dá ọjọ́ sí i. Ẹ gbé ohun náà kúrò nílé: oògùn, oró kòkòrò, ohun ìjà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí yóò fi dé ọwọ́ oníwòsàn. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ pàá ni kẹ́ ẹ ti kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ti dókítà ọpọlọ kan, àti ti ẹni tó ní ọkọ̀, sórí bébà kan. Ẹ pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ rí i pé ó ń lọ.

Ẹ̀yin olùdarí náà, lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin méjèèjì ẹ dúró sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 15. Kí lo gbọ́ tó wúwo jù? Ta la ó pè lọ́la? Bí ọ̀kan nínú yín bá ti ń fi àlá ẹlòmíì sùn, tàbí tí kò fẹ́ gbọ́ kí fóònù dún mọ́, kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹni kẹta bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ́ méjì.